"Borrow" àti "lend": kí ló dé tí "yá" fi ń ṣì wá lọ́nà?

Ìyá Ìbejì (Leeds)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí, ó ti di ọdún kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa pé: "Please can you borrow me the spare key till Friday?" Obìnrin náà dá mi lóhùn pé lọ́wọ́ ta ni kí òun ti lọ yá a. Ó rò pé mo ní kí òun lọ bá mi yá kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, ẹnì kan ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára.

Mo mọ̀ pé "borrow" àti "lend" kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n kọ́ wa níléèwé. Tí mo bá fara balẹ̀ ronú, mo lè mú èyí tó tọ́. Àmọ́ tí mo bá ti ń kánjú, "borrow me" ló máa jáde. Àwọn ìbejì mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń sọ ọ́ báyìí, tíṣà wọn sì ti fi báírò pupa fa ìlà sí i nínú ìwé Kẹ́hìndé. Èyí ló dùn mí jù, torí ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi máa ń ṣì wá lọ́nà tó báyìí? Ẹ̀yin tí kò ṣì lọ́nà mọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Tíṣà Agbolé (Ọ̀yọ́)

Màmá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọdún kan tí mi ò rí i nínú ìwé wọn. Kì í ṣe àìkàwé ló fà á. Yorùbá tó wà nínú yín ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo la ní níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní méjì. "Yá" ni. Ẹni tó mú nǹkan sílẹ̀, ó yá a. Ẹni tó gbà á, òun náà yá a. Ohun tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí nǹkan gbà lọ kò sí nínú "yá" fúnra rẹ̀, inú àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló wà:

Mo yá Bọ́lá ní ìwé.
Mo yá ìwé lọ́wọ́ Bọ́lá.

Nínú ti àkọ́kọ́, ìwé kúrò lọ́wọ́ mi. Nínú ti èkejì, ìwé bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ṣì í gbọ́, torí "ní" àti "lọ́wọ́" ti là á. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, inú ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ni wọ́n ti là á: "I lent Bola a book", "I borrowed a book from Bola". Nígbà tí àwa bá wá ń sọ èdè wọn, a ó mú ọ̀kan nínú méjèèjì, a ó máa lò ó bíi "yá". "Borrow" ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé sí wa lórí, torí àwa tá a ń kọ́ èdè náà ní kékeré, àwa la máa ń tọrọ báírò àti rúlà, kì í ṣe àwa la máa ń fúnni.

Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé kí wọ́n má tíì ronú kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kó pé. Kí ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé "yá" gan-an. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló tẹ̀ lé e, bíi yá mi, yá wọn, yá Bọ́lá, "lend" ni. Bó bá jẹ́ nǹkan ló tẹ̀ lé e, bíi yá ìwé, yá owó, yá ọkọ̀, "borrow" ni, "lọ́wọ́" tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì di "from".

Ohun tí ẹ fẹ́ bá ọ̀gá yín sọ ni "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kọ́kọ́rọ́." Ènìyàn ló tẹ̀ lé "yá". "Please lend me the key."

Ìyá Aláṣọ (Gbági, Ìbàdàn)

Èmi ò mọ gírámà bíi ti Tíṣà. "Give" àti "take" ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi. "Give me your pen" lọ déédéé, torí náà "lend me your pen" náà lọ. "Take me your pen" ò lọ, torí náà "borrow me your pen" ò lọ. Àbíkẹ́yìn mi mọ̀ ọ́n kó tó wọ praimárì kejì.

Ìyá Ìbejì (Leeds)

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dán an wò nínú bọ́ọ̀sì. Ibi tó ti há mi rèé: tí mo bá sọ pé "Mo ti yá a", "a" yẹn lè jẹ́ ìwé, ó sì lè jẹ́ Bọ́lá. Báwo ni kí n ṣe é? Àti "Mo fi ọkọ̀ mi yá a" ńkọ́? Ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀.

Tíṣà Agbolé (Ọ̀yọ́)

Ẹ ti ronú jinlẹ̀. "Mo ti yá a" fara sin lóòótọ́. Àwa fúnra wa, tí a kò bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé, a óò béèrè pé "ta lo yá?" tàbí "lọ́wọ́ ta ni?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbólóhùn pé kí ẹ tó gbé e kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. "Mo ti yá a ní ìwé" ti yàtọ̀ sí "Mo ti yá a lọ́wọ́ Bọ́lá".

Ní ti "Mo fi ọkọ̀ mi yá a", ẹ má wo ohun tó ṣáájú "yá", ohun tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ wò. "A" yẹn, ènìyàn ni. "I lent him my car."

Ẹ fi èyí kún un: "lend" àti "to" jọ ń rìn, "borrow" àti "from" jọ ń rìn. "I lent my car to him." "He borrowed my car from me." Bí ẹ bá rí "borrow to" tàbí "lend from" nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ dúró kí ẹ tún un kà.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (London)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ẹlòmíì má bàa bọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹni tó rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́.

Ní 2019, ẹnì kan tá a jọ ń jọ́sìn wá bá mi pé owó ilé ká òun mọ́. Mo fi £1,200 ránṣẹ́ sí i. A ò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a bá mú bébà. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo kọ "I borrowed Brother", mo fi orúkọ rẹ̀ sí i, mo kọ iye owó náà, mo sì kọ pé wọ́n á dá a padà lóṣù mẹ́fà. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Lọ́kàn mi, ohun tí mo kọ ni pé mo yá a lówó.

Oṣù mẹ́fà pé, ọdún pé, owó ò dé. Mo mú bébà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ìwọ lo jẹ gbèsè yìí ni?" Àyà mi já. Lójú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, gbólóhùn yẹn kò dúró lẹ́sẹ̀. Bó bá sì fẹ́ fún un ní ìtumọ̀ tipátipá, èyí tó máa rí níbẹ̀ ni pé èmi ni mo gbowó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ara mi sílẹ̀ bí ajigbèsè.

Ohun tó gbà mí ni pé láti bánkì sí bánkì ni mo fi owó náà ránṣẹ́, orúkọ mi sì wà níbi tó ti jáde. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ń bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù náà ṣì wà lórí fóònù mi. Ká ní mo ka owó lé e lọ́wọ́ ni, bébà nìkan ló máa kù láàárín wa, mi ò sì mọ ohun tí mi ò bá fi gbèjà ara mi.

Nílẹ̀ Ẹngílándì níbí, ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ sábà máa ń lọ sí apá ẹjọ́ kéékèèké ní kóòtù, ibi tí ènìyàn ti lè rojọ́ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bébà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni wọ́n máa gbé yẹ̀ wò. Tí ẹ bá máa yá ẹnikẹ́ni lówó, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣe kọ ọ́ rárá. Ẹ kọ "Lender", kí ẹ fi orúkọ ẹni tó ni owó síwájú rẹ̀. Ẹ kọ "Borrower", kí ẹ fi orúkọ ẹni tó gbà á síwájú rẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀, ọjọ́ tí owó kúrò lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tó máa padà, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ẹ sì fi owó ránṣẹ́ láti bánkì.

Ìyá Aláṣọ (Gbági, Ìbàdàn)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Mo máa tún ọ̀rọ̀ yín fún àwọn tá a jọ wà lọ́jà. Níbí náà, àwọn ayánilówó orí fóònù pọ̀ bí eṣú, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń tẹ "I agree" láìkà á. Nínú ìwé wọn, àwọn ni "lender", àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, sì ti gbé òfin kalẹ̀ láti 2022 pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ "the borrower shall", ìwọ tó ń tẹ fóònù ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀rẹ́ mi kan fọwọ́ sí ti àbúrò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onídùúró, ó sì rò pé "borrower" ni àwọn tó ní owó. Ó ka gbogbo ìwé náà sódì: ohun tó jẹ́ ẹrù tiwọn, ó rò pé ti ilé-iṣẹ́ náà ni.

Adúláwọ̀ (Hamburg)

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín rárá. Jámánì ni mo wà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe.

Àwọn ará ibí ní ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ "leihen", bíi "yá" tiwa ló rí. "Ich leihe dir das Buch" ni mo yá ọ ní ìwé. "Ich leihe mir das Buch von dir" ni mo yá ìwé lọ́wọ́ rẹ. Ẹ rí "von" yẹn? "Lọ́wọ́" tiwọn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá wá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, "Can you borrow me" ló ń jáde lẹ́nu àwọn náà, àwọn dókítà àti ẹnjiníà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni àwọn ará Swídìn ní, "låna". Ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn ará Ṣáínà ní, "jiè". Ní Wisconsin àti Minnesota l'Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Swídìn àti Nọ́wè ti tẹ̀dó púpọ̀ láyé ọjọ́un, àwọn òyìnbó abínibí kan ṣì ń sọ "borrow me" títí di òní olónìí.

Àní "borrow" fúnra rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ló ti jáde, "borg", tó túmọ̀ sí ìdógò, ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ìdógò kan ènìyàn méjì: ẹni tó fi í sílẹ̀ àti ẹni tó gbà á pa mọ́. Kì í ṣe ohun ìyanu fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti fìgbà kan wo ìhà méjèèjì kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí ìhà ẹni tó gbà.

Ohun kan tún kù. Ní àríwá Ẹngílándì tí ẹ wà yẹn, ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ ìlú. Ẹ ó gbọ́ "Can I lend your pen?" Wọ́n dojú tiwọn kọ ìhà kejì ni.

Ìyá Ìbejì (Leeds)

Ha! Òótọ́ ni! Ẹni tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi sókè yẹn gan-an ló ní "Can I lend your charger" lóṣù tó kọjá. Mo gbọ́ ọ, ó sì dún lọ́nà kan létí mi, ṣùgbọ́n mo rò pé òyìnbó kò lè ṣì í sọ. Ẹ ṣé, àbúrò. Ọkàn mi fúyẹ́.

Ọmọ Kútọnu

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i láti Bẹ̀nẹ̀. Faransé la fi kàwé níbí, Faransé náà sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: "prêter" ni ti ẹni tó fúnni, "emprunter" ni ti ẹni tó gbà. Àwa tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, àṣìṣe yín náà là ń ṣe, "emprunte-moi ton stylo".

Ìdẹkùn tiwa tún lé kan. Nínú Faransé, "à" kan náà ló ń tẹ̀ lé méjèèjì. "J'ai prêté un livre à Paul", mo yá Paul ní ìwé. "J'ai emprunté un livre à Paul", mo yá ìwé lọ́wọ́ Paul. "Fún" àti "lọ́wọ́" ti di ọ̀kan. Ẹni tó bá ti Faransé bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì á kọ "I borrowed a book to Paul", bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ń kọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó. Ìlànà tí Tíṣà fún wa yìí, tí a fi ń wo ohun tó tẹ̀ lé "yá", ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀ ká ní ẹnì kan sọ ọ́ fún mi nígbà náà.

Bàbá Àgbà (Òṣogbo)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káre. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé "wín", ó sì dùn mí, torí ibẹ̀ ni Yorùbá ti la ọ̀rọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá mi bá rán wa sí ilé kejì pé ká lọ gba iyọ̀ díẹ̀ wá, a kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹ yá wa ní iyọ̀". Wọ́n á ní, iyọ̀ tí a fẹ́ fi sebẹ̀, ṣé òun náà lẹ máa dá padà? Ohun tí a óò lò, tí a óò sì dá òun gan-an padà, ni a ń yá: aṣọ, àdá, àkàbà, ọlọ. Ohun tí a óò jẹ tàbí tí a óò ná, tí a óò wá fi irú rẹ̀ san, ni a ń wín: iyọ̀, èlùbọ́, gààrí, owó. Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí a bá yá ní aṣọ ti mọ̀ pé aṣọ náà kò gbọdọ̀ ya. Ẹni tí a bá wín ní owó ti mọ̀ pé kì í ṣe náírà yẹn gan-an ni a ń retí. Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà fún èyí. "Borrow" ni wọ́n ń pe ti ṣúgà, "borrow" náà ni ti àkàbà.

Lóde òní, ẹ ti fi "yá" bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò bá yín jà, èdè a máa yí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ "wín" lẹ́nu yín.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ kan ń lọ ìhà méjèèjì, "wín" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Sáàmù 37 nínú Bíbélì Yorùbá ti àtijọ́. Ní ẹsẹ 21, ènìyàn búburú ló wín, tí kò san padà. Ní ẹsẹ 26, olódodo ló ń wín ni, nítorí àánú rẹ̀. Ẹ wá ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì, ti King James: "borroweth" ló wà ní ẹsẹ 21, "lendeth" ló wà ní ẹsẹ 26. Ọ̀rọ̀ kan náà ní Yorùbá, kò sì sí ẹni tó kà á tó rò pé olódodo jẹ gbèsè.

Tíṣà Agbolé (Ọ̀yọ́)

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa. Sáàmù yẹn ni mo máa gbé wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ìlànà "ènìyàn ló tẹ̀ lé e tàbí nǹkan" náà sì bá "wín" mu: wín mi ní iyọ̀, "lend", wín iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, "borrow".

Ọmọ Mushin

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ tèmi. Láti Èkó dé Kánò, ta ni kò gbọ́ "borrow me"? Ó ti di Gẹ̀ẹ́sì tiwa. Èdè tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń sọ, tí wọ́n sì ń gbọ́ra wọn yé, kí ló dé tí a fi ń pè é ní àṣìṣe?

Tíṣà Agbolé (Ọ̀yọ́)

Àbúrò, o ò purọ́. Nínú ọjà àti láàárín ọ̀rẹ́, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìyàwó mi ń sọ ọ́, mo sì ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ìwé owó àti nínú ìwé ìdánwò, ẹni tó máa kà á kò sí lọ́dọ̀ rẹ kí o tó ṣàlàyé fún un, kò sì ní bi ọ́ pé "ta lo yá?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fa ìlà pupa sí i. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ méjèèjì, kí wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wúlò.

Akẹ́kọ̀ọ́ JAMB (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú àlàyé, sà. Mo ń múra fún UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, mi ò sì fẹ́ pàdánù ọ̀kan. Ṣé "lended" wà? "Lent" ńkọ́? Mo tún rí "loan" tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò bí ọ̀rọ̀ ìṣe.

Tíṣà Agbolé (Ọ̀yọ́)

"Lended" kò sí. Lend, lent, lent. Fi í pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀: send, sent, spend, spent, bend, bent. "Borrow" kò le ní tiẹ̀: borrowed, borrowed. Bí o bá rí "Lent" pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, Ààwẹ̀ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde nìyẹn, kò bá owó tan. Ní ti "loan", òótọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ "He loaned me his car" bíi "lent", kò sì burú. Níbi ìdánwò tiwa, mú "lend" fún ìṣe, kí o fi "loan" sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n yáni. Má sì gbàgbé pé ẹni tó gba "loan" ní bánkì kò "loan" ohunkóhun, ó "borrow" ni.

Télọ̀ Abẹ́òkúta

Ẹ dákun, ṣé "kọ́" náà kì í ṣe irú èyí? Àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ń sọ pé "My oga learn me work."

Tíṣà Agbolé (Ọ̀yọ́)

Òun gan-an ni, ọ̀gá mi. "Ọ̀gá kọ́ mi ní iṣẹ́": ènìyàn ló tẹ̀ lé "kọ́", "teach" ni. "Mo kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá": nǹkan ló tẹ̀ lé e, "learn" ni, "lọ́dọ̀" sì di "from". Ọgbọ́n kan náà ló ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ìyá Aláṣọ (Gbági, Ìbàdàn)

Kí n tó lọ pa ìsọ̀ dé: kánópì àti àga tí ẹ sanwó gbà fún òde kì í ṣe "borrow". Háyà ni à ń pè é, "hire" tàbí "rent" sì ni. Tí ẹ bá sọ fún òyìnbó pé ẹ "borrow" ọkọ̀, á rò pé ọ̀rẹ́ yín ló fi ṣe yín lóore. Owó nìkan ni à ń san èlé lé lórí tó ṣì ń jẹ́ "borrow".

Ìyá Ìbejì (Leeds)

Mo padà wá jábọ̀. Lánàá mo kọ̀wé sí ọ̀gá wa pé "Could you lend me the spare key again next week?" Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò ìwé pẹ̀lú orúkọ mi lára rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun.

Nílé, mo kọ "yá mi ní" sórí bébà kan, mo kọ "yá … lọ́wọ́" sórí èkejì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ara fíríìjì, mo sì kọ "lend" àti "borrow" sísàlẹ̀ wọn. Nǹkan tí mi ò retí ni pé àwọn ìbejì ní láti kọ́kọ́ sọ Yorùbá rẹ̀ kí wọ́n tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Yorùbá wọn sì ti fẹ́ máa rá tẹ́lẹ̀. Kẹ́hìndé bi mí pé láìbúrárì ń "lend" ni àbí ó ń "borrow". Kí n tó lanu, Táyé ti dáhùn: "Láìbúrárì yá wa ní ìwé, so it lends. Àwa yá ìwé lọ́wọ́ láìbúrárì, so we borrow."

Alẹ́ òní ni mo máa sọ fún wọn nípa "wín", Bàbá. Ṣúgà ilé ti tán, aládùúgbò wa sì jẹ́ ọmọ Ìlọrin.